Tẹ́ ẹ bá ń bọ̀ ní Guangzhou, ẹ wá àwọn Húì lọ: bí Mùsùlùmí ṣe ń jẹun, tó ń kírun, tó ń gbààwẹ̀ níbí

Ẹ̀yin ará wa tẹ́ ẹ ń múra àtibọ̀ ní Guangzhou, ì báà jẹ́ ọjà lẹ fẹ́ wá rà àbí ilé ìwé lẹ ń bọ̀, ìbéèrè tí mo ń gbọ́ jù lẹ́nu yín ni pé ṣé èèyàn á rí oúnjẹ hàláàlì jẹ, ṣé mọ́sálásí wà. Ó wà o, ó sì ti pẹ́ tó ti wà. Ọdún 651 ni ikọ̀ tí Kálífà Uthman rán dé ọ̀dọ̀ ọba ilẹ̀ Ṣáínà láyé ìjọba Tang, láyé Tang yẹn náà sì làwọn oníṣòwò Lárúbáwá àti Páṣíà ń gba ojú omi wọ Guangzhou yìí. Àwọn tó dúró tí wọ́n fẹ́yàwó níbẹ̀, àtàwọn míì tó ya wá lẹ́yìn wọn láyé ìjọba Yuan, àwọn ni wọ́n para pọ̀ bí ẹ̀yà Mùsùlùmí tí wọ́n ń pè ní Húì lónìí.

Ìmọ̀ràn tí mo ń gba gbogbo ẹni tó bá ń bọ̀ ò ju ẹyọ kan lọ: ẹ wá àwọn Húì lọ. Mi ò ní kẹ́ ẹ má lọ sọ́dọ̀ àwọn èèyàn wa ní Xiaobei, àdúgbò táwọn ará Áfíríkà ń gbé ní Guangzhou o, àwọn yẹn ló mọ ọjà, àwọn ló mọ ẹni tó ń báni kó ẹrù. Ṣùgbọ́n béèyàn ṣe ń jẹ́ Mùsùlùmí láàárín èrò tí kì í ṣe Mùsùlùmí, tí ò sì ní bá ẹnikẹ́ni jà, tí ò sì ní sọ àdínì rẹ̀ nù, àwọn Húì ti ń ṣe é látìrandíran. Nínú ìkànìyàn ọdún 2020, wọ́n lé ní mílíọ̀nù 11 láàárín èèyàn bílíọ̀nù kan ààbọ̀ dín díẹ̀. Ẹ̀yà mẹ́wàá ló jẹ́ Mùsùlùmí nílẹ̀ Ṣáínà tẹ́ ẹ bá ka Uyghur, Kazakh, Salar, Dongxiang àtàwọn yòókù mọ́ wọn, àmọ́ Húì lẹ óò máa rí jù ní ìlú ńlá, torí kò síbi tí wọn ò sí.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu, torí ọ̀rọ̀ ikùn ló ń kọ́kọ́ dààmú ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Rou ni wọ́n ń pe ẹran. Ṣùgbọ́n tí ará Ṣáínà bá kàn sọ rou lásán, tí ò dárúkọ ẹran kankan mọ́ ọn, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ló ń sọ yẹn. Tó bá jẹ́ màlúù á sọ ọ́ síta, niurou, tó bá jẹ́ àgùntàn, yangrou. Mi ò mọ èyí nígbà tí mo dé. Mo wọ ilé oúnjẹ kékeré kan, mo ní mi ò fẹ́ ẹran, bu yao rou, ìrẹsì àti ẹ̀fọ́ nìkan ni kí wọ́n bù fún mi. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín sí mi, ó gbé e wá, ẹ̀fọ́ náà tutù yọ̀yọ̀, ó ń dán, mo ti jẹ ẹ́ dé ìdajì kí n tó rí àwọn nǹkan wínníwínní kan nísàlẹ̀ abọ́. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ ni. Obìnrin yẹn ò sì purọ́ fún mi, lójú tiẹ̀ ìyẹn ò tíì di ẹran, ohun tí wọ́n fi ń mú ẹ̀fọ́ dùn ni, òróró tí wọ́n fi dín in gan-an, ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ ni, zhuyou ni wọ́n ń pè é. Àjòjì lójú, àmọ́ kò fi ríran. Ó dùn mí débi pé fún ọjọ́ méjì, búrẹ́dì àti omi nìkan ni mo ń fi sẹ́nu.

Ìyá Húì kan tó ń ta núdù ló wá là mí lójú. Ó ní ìwọ má sọ ohun tó ò fẹ́, irú ẹni tó o jẹ́ ni kó o sọ. Ó ní àwọn Han tó pọ̀ jù nílùú yìí, tó o bá ń ka ẹran ẹlẹ́dẹ̀, ọ̀rá, ọtí ìsebẹ̀ fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á gbàgbé ọ̀kan, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí ò mọ ohun tí Húì kì í jẹ. Torí náà kí n máa sọ pé wo gen Huimin yiyang, bí Húì ṣe ń jẹ lèmi náà ń jẹ. Ẹ há a sórí kẹ́ ẹ tó wọ ọkọ̀ òfúrufú. Ẹ há wo chi qingzhen náà mọ́ ọn, ìyẹn ni pé hàláàlì ni mò ń jẹ. Ọtí ìsebẹ̀ yẹn ń jẹ́ liaojiu, ó sì wọ́pọ̀ nínú ọbẹ̀ wọn ju bẹ́ ẹ ṣe lè rò lọ, ẹja gan-an wọ́n ń fi sè é, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ẹja lòun á máa jẹ kiri ibi gbogbo kóun má bàa ṣìṣe.

Qingzhen yẹn ni ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ máa fi ojú wá lára pátákó. Báyìí ni wọ́n ń kọ ọ́: 清真. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni ohun tó mọ́ tó sì jẹ́ òtítọ́. Tẹ́lẹ̀ wọ́n sábà máa ń kọ ọ̀rọ̀ Lárúbáwá sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, lára pátákó aláwọ̀ ewé, wọ́n sì máa ń ya búta àlùwàlá sí i, bẹ́ẹ̀ ni, búta gangan, tangping ni àwọn ń pè é. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2019 àwọn aláṣẹ ní Beijing ní káwọn ilé oúnjẹ pa ọ̀rọ̀ Lárúbáwá àti àmì ẹ̀sìn rẹ́ lára pátákó wọn, irú ẹ̀ sì ti ṣẹlẹ̀ láwọn ìlú míì náà, torí ẹ̀ ẹ má dúró de Lárúbáwá kẹ́ ẹ tó wọlé, ẹ kọ́ ojú yín láti mọ ìwé méjèèjì yẹn, 清真, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wo inú ṣọ́ọ̀bù. Ṣé ìwé ẹ̀rí qingzhen wà lára ògiri? Ṣé fìlà funfun wà lórí ọkùnrin tó wà nídìí iná, ṣé ìbòrí wà lórí obìnrin tó ń gbowó? Ṣé bíà wà nínú fíríìjì? Èmi, tí mo bá rí bíà, mo máa ń yí padà ni, torí àwọn Húì tó mú un lọ́kàn kì í jẹ́ kí ọtí kọjá ẹnu ọ̀nà wọn.

Ilé núdù ni kẹ́ ẹ fi ṣe ilé yín. Lanzhou lamian, ìyẹn núdù tí wọ́n ń fi ọwọ́ fà ti ìlú Lanzhou, ló máa ń wà lára pátákó, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe é kì í ṣe ará Lanzhou rárá, Húì àti Salar láti Hualong ní ìpínlẹ̀ Qinghai ni wọ́n, wọ́n kó ọmọ kó ìyàwó wọ̀lú, òkè ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ń sùn sí. Ẹ jókòó síbi tẹ́ ẹ ti lè rí ọkùnrin tó ń fa ìyẹ̀fun. Á mú pípò kan, á nà án títí apá rẹ̀ méjèèjì á fi ṣí, á ṣẹ́ ẹ po sí méjì, á tún nà án, á tún ṣẹ́ ẹ po, á máa fi ìyẹ̀fun gbígbẹ ra á lára kó má lẹ̀ mọ́ra, ọ̀kan á di méjì, méjì á di mẹ́rin, tó bá fi máa ṣe é nígbà mẹ́jọ, okùn 256 ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ yẹn, á jù ú sínú omi gbígbóná, kò ní ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ á ti wà nínú abọ́ níwájú yín. Wọ́n á bi yín bí ẹ ṣe fẹ́ kó tóbi tó: maoxi ni èyí tó tín-ín-rín bí irun, erxi ló wà láàárín, jiuye ló fẹ̀ díẹ̀, dakuan ló fẹ̀ bí bẹ́líìtì. Wọ́n ní ti gidi gbọ́dọ̀ ní nǹkan márùn-ún lójú: omi ọbẹ̀ tó mọ́ kedere, rádíìṣì funfun, òróró ata pupa, ewé tútù, àti núdù tó ní àwọ̀ ìyeyè. Yuan 15 sí 20 ni abọ́ kan sábà máa ń jẹ́. Omi ẹran wọn ò le lẹ́nu, tẹ́ ẹ bá fẹ́ ata ẹ bù ú fúnra yín, ó wà lórí tábìlì.

Ohun kan tí mo ti rí tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń ṣe, tí ò dáa rárá: a óò ra nǹkan lójú títì, a óò gbé e wọ ilé oúnjẹ Húì, a óò máa jẹ ẹ́ pọ̀ mọ́ núdù. Ẹ má ṣe é o. Ẹ lè rí i tí wọ́n kọ ọ́ sẹ́nu ọ̀nà pé waicai mo ru, kí oúnjẹ ìta má wọlé. Abọ́ wọn ni wọ́n ń dáàbò bò. Kódà tó bá jẹ́ hàláàlì lójú tìẹ, wọn ò mọ ibi tó o ti rà á. Bákan náà ló rí ní yunifásítì, tí qingzhen shitang bá wà, ìyẹn ilé oúnjẹ Mùsùlùmí inú ọgbà, abọ́ ibẹ̀ àti ṣíbí ibẹ̀ kì í jáde, ti ìta kì í sì wọlé. Tẹ́ ẹ bá sì ń fi fóònù ra oúnjẹ, ẹ tẹ 清真 sínú ápù Meituan, á to gbogbo èyí tó wà lágbègbè yín jọ. Ẹ so káàdì yín mọ́ ápù ìsanwó Alipay tàbí WeChat kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, torí ìyá onínúdù gan-an, kóòdù tó lẹ̀ mọ́ ògiri ló ń gbà, ẹ lè mú owó bébà fún un kó má rí ṣéńjì.

Ó yá, mọ́sálásí. Huaisheng ló dàgbà jù, ní òpópónà Guangta, tẹ́ ẹ bá wọ tíréènì abẹ́ ilẹ̀ láìnì kìíní ẹ sọ̀ ní Ximenkou, ẹ ò ní rìn jìnnà. Ilé ìpèrun rẹ̀ ga tó mítà 36, ó rí roboto, ó sì funfun, wọ́n ní láyé ọjọ́un iná orí rẹ̀ làwọn ọkọ̀ ojú omi fi ń mọ ọ̀nà. Iná jó mọ́sálásí náà, wọ́n tún un kọ́ ní 1350, wọ́n sì tún tún un kọ́ ní 1695. Ìkejì ni Xianxian, ní òpópónà Jiefang Bei, láìnì kejì, ẹ sọ̀ ní Yuexiu Park. Ibẹ̀ ni wọ́n ní sàárè Sa'd ibn Abi Waqqas wà, ẹni tó jẹ́ sàhábà Ànábì. Àwọn onímọ̀ ìtàn ní Mọ̀dínà ni wọ́n sin Sa'd sí, mo mọ̀, àmọ́ ẹ má lọ bá baba arúgbó kan jiyàn lórí ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà sàárè, àwọn èèyàn yẹn ti ń tọ́jú ibẹ̀ kí wọ́n tó bí bàbá bàbá wa. Haopan àti Xiaodongying náà wà, wọ́n kéré sí méjèèjì yẹn.

Xianxian ni kẹ́ ẹ lọ lọ́jọ́ Jímọ̀, tó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹ máa lọ. Èrò á kún inú, á kún àgbàlá, lábẹ́ igi, ẹní á tẹ́ dé ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Ẹ óò rí ọmọ Qinghai tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ ẹ̀wù ìdáná, Lárúbáwá oníṣòwò, ará Mali, ará Pakistan, gbogbo wọn nínú sààfù kan. Ẹ ti wà níbẹ̀ kí aago 12:30 tó lù, torí aago Beijing ni gbogbo ilẹ̀ Ṣáínà ń lò, Guangzhou sì wà ní ìwọ̀ oòrùn ibi tí aago yẹn bá mu, nítorí náà oòrùn kì í yẹ àtàrí níbí títí aago 12 á fi kọjá dáadáa. Àkókò ìsinmi ọ̀sán níbi iṣẹ́ ló sábà máa ń bọ́ sí, àánú Ọlọ́run nìyẹn. Ẹ lọ bá ọ̀gá yín jẹ́jẹ́ tẹ́lẹ̀, ẹ sọ pé ẹ fẹ́ lo àkókò oúnjẹ yín, èmi ò tíì rí ẹni tó kọ̀ fún mi tí mo bá sọ ọ́ báyẹn.

Ìrun wọn yàtọ̀ díẹ̀ sí tiwa, kó má yà yín lẹ́nu. Màsíhábì Hánáfì ni wọ́n ń tẹ̀ lé. Àmí wọn kì í dún síta, tó bá ti mọ́ yín lára láti máa pariwo rẹ̀, ẹ rọra. Àlàásárì wọn máa ń pẹ́ ju tiwa lọ, torí náà tẹ́ ẹ bá lo ápù inú fóònù yín ẹ yí i sí Hánáfì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ ó kàn máa débẹ̀ jókòó ni. Ìwọ̀ oòrùn ni Kíbúlà. Tẹ́ ẹ bá wà ní hòtẹ́ẹ̀lì tí ẹ ò mọ ibi tó kọjú sí, xi ni ìwọ̀ oòrùn lédè wọn, ẹ bi wọ́n, wọ́n á nà án sí yín.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù láti sọ fún yín rèé. Ní ọjọ́ Jímọ̀ àkọ́kọ́ mi, kí ìmáámù tó gun mínbárì, ó kọ́kọ́ jókòó ó ń fi èdè Ṣáínà sọ̀rọ̀, mo bi ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pé kí ló ń ṣe, ó ní wo'erzi ni. Mo ní kí ló sọ? Ó tún un pè, wo'erzi. Wáásí ni! Wáásí tiwa gangan, láti ara ọ̀rọ̀ Lárúbáwá kan náà, ó gba aṣálẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa, ó sì gba ọ̀nà míì dé ọ̀dọ̀ tiwọn, àwa méjèèjì wá pàdé lórí ẹní. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń kó ọ̀rọ̀ wọn jọ. Ìmáámù ni ahong, ti Páṣíà ni. Owó tẹ́ ẹ bá fi sínú àpótí mọ́sálásí, nietie ni wọ́n ń pè é, ara níyà ló ti wá, ohun téèyàn gbèrò lọ́kàn. Háráámù, halamu. Tí wọ́n bá kí yín ní salaamu, wọ́n á ní seliamu, ẹ dáhùn gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe ń dáhùn ẹ̀, wọ́n á gbọ́ ọ. Ìrun Àsùbáà ni bangda, Mọ̀gàríbì ni shamu. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá wọ ṣọ́ọ̀bù núdù tẹ́ ẹ sọ pé ẹ ń bọ̀ láti ibi wo'erzi, ẹ wo ojú ọkùnrin tó ń fa ìyẹ̀fun yẹn, á dá ìyẹ̀fun dúró. Ẹran á pọ̀ sí i nínú abọ́ yín.

Ẹ̀yin obìnrin, ibi ìkírun tiyín máa ń wà lọ́tọ̀, ẹ béèrè nü, ìyẹn obìnrin, lẹ́nu ọ̀nà. Láwọn ìpínlẹ̀ bíi Henan, wọ́n ní mọ́sálásí obìnrin pátápátá, obìnrin ló jẹ́ ahong ibẹ̀, òun ló ń kọ́ àwọn obìnrin ní Kéwú.

Ọ̀rọ̀ òfin wá kàn báyìí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fò ó. Láti 1994 ni òfin ti wà lórí bí àlejò ṣe lè ṣe ẹ̀sìn rẹ̀ ní Ṣáínà: ẹ lè kírun nínú mọ́sálásí tí ìjọba forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, kò sẹ́ni tó máa dí yín lọ́wọ́. Èyí tẹ́ ẹ ò lè ṣe ni pé kẹ́ ẹ máa wàásù fún ọmọ Ṣáínà, tàbí kẹ́ ẹ máa pín ìwé ẹ̀sìn fún wọn. Òfin tuntun tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní February 1, 2018 tún wá mú un le sí i. Kẹ́ ẹ háyà yàrá kẹ́ ẹ sọ ọ́ di mọ́sálásí, kẹ́ ẹ pe àfáà wá, ẹ má dán an wò. Ìrun inú yàrá yín, ti inú yàrá yín ni. Ẹ máa mú pásípọ́ọ̀tù dání lọ́jọ́ Jímọ̀, wọ́n lè béèrè ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ń gbé ilé èèyàn, kì í ṣe hòtẹ́ẹ̀lì, ẹ gbọ́dọ̀ lọ forúkọ sílẹ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá láàárín wákàtí 24. Láwọn ibì kan wọn kì í jẹ́ kí ọmọ tí ò tíì pé 18 wọ mọ́sálásí, ẹ kọ́kọ́ béèrè kẹ́ ẹ tó kó ọmọ lọ, kó má di pé ọmọ ń sunkún lẹ́nu géètì.

Àwọn Uyghur. Oúnjẹ wọn dùn gan-an, ẹran àgùntàn tí wọ́n yan lórí irin pẹ̀lú kúmínì, búrẹ́dì nang tó jáde láti inú ààrò, ìrẹsì zhuafan tí wọ́n fi kárọ́ọ̀tì sè, tó máa jọ oúnjẹ ayẹyẹ wa lójú yín. Ẹ jẹ ẹ́, ẹ sanwó, ẹ kí wọn dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹ má bi wọ́n nípa ilé. Ní 2017 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ Uyghur sí àgọ́ àtìmọ́lé ní Xinjiang tó jẹ́ ilẹ̀ wọn, ẹni tó ń yan ẹran fún yín lè ní ẹ̀gbọ́n tó ti wà níbẹ̀, ìbéèrè tẹ́ ẹ bá bi í láàárín ṣọ́ọ̀bù, òun ló máa san owó ẹ̀, ẹ̀yin á ti bá ọkọ̀ òfúrufú yín lọ. Ẹ má ya wọ́n ní fídíò, ẹ má gbé ojú wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Tí ọ̀kan bá fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀, ẹ gbọ́ ọ, kẹ́ ẹ sì pa á mọ́ sínú.

Tí ẹnì kan nínú wa bá kú níbí, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, mọ́sálásí ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ pè, kẹ́ ẹ tó buwọ́ lu ìwé kankan ní ilé ìwòsàn. Sísun òkú ni wọ́n ń ṣe ní ìlú ńlá ilẹ̀ Ṣáínà. Àwọn ẹ̀yà Mùsùlùmí mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ní àyè láti sin tiwọn sínú ilẹ̀, àwọn ahong ló mọ ẹni tí wọ́n ń rí àti ìwé tí wọ́n ń kọ, àwọn náà ló mọ bí wọ́n á ṣe wẹ̀ ẹ́ tí wọ́n á fi aṣọ funfun dì í. Ẹ pe ẹ́ńbásì tẹ̀ lé e.

Ààwẹ̀ rọrùn ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ. Nígbà tó bá bọ́ sí February àti March, bíi wákàtí 13 ni, oòrùn ò sì tíì mú. Ẹ ra nang sílẹ̀ fún sààrì torí ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù kì í ṣí lóru. Lálẹ́ ẹ lọ ṣínu ní mọ́sálásí, dàbínù àti omi gbígbóná, wọ́n á tún bu ọbẹ̀ ẹran, àsámù wọn jẹ́ rákà 20, ó sì ń yára. Ọjọ́ tí wọ́n bá kéde ní mọ́sálásí ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé, ẹ má wo ti ilé, ó lè fi ọjọ́ kan yàtọ̀. Kò sí họ́lídè ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀ ní Guangzhou bó ṣe wà ní Ningxia àti Xinjiang, ẹ tọrọ àyè níbi iṣẹ́ ṣáájú. Iléyá náà, ẹ má ra àgbò lọ sílé, ẹ má fi ọ̀bẹ kan nǹkan kan nínú ilé tẹ́ ẹ háyà, ẹ lọ fowó yín sílẹ̀ ní mọ́sálásí, àwọn ló mọ ibi tí wọ́n ti ń pa á.

Lọ́jọ́ ọdún, lẹ́yìn ìrun, ẹ má sáré kúrò. Àwọn ìyá arúgbó á ti dín youxiang, àkàrà oníyẹ̀fun kan tó fẹ̀ pẹrẹsẹ, tó pọ́n, òórùn rẹ̀ á ti gba gbogbo àgbàlá kan. Ọwọ́ méjèèjì ni kẹ́ ẹ fi gbà á. Ẹ má fi ẹnu gé e gbàà, ẹ jẹ́ kí ojú rẹ̀ wà lókè, ẹ fi ọwọ́ bù ú díẹ̀díẹ̀, ẹ bu fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Lọ́dún àkọ́kọ́ tí mo ṣe é bẹ́ẹ̀, ìyá kan wò mí títí, ó wá bi mí pé ta ló kọ́ mi. Mo ní ìyá onínúdù ni. Ó tún fi ẹyọ méjì lé e, ó ní kí n mú un lọ fún un.